Ìlà Ara Ògiri Yèyé

Láti ìgbà tí wọ́n ti fún àwa Èkìtì ní ìpínlẹ̀ tiwa ni ọ̀dà ti di ọjà olówó gọbọi ní Ìkẹ́rẹ́. Agolo tí ọmọ mi rà láti fi kun pálọ̀ wa, owó rẹ̀ ìbá tó ra odindi ilé láyé bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í ra ọ̀dà rárá. Inú oko àti ẹ̀yìn ààrò la ti ń kó o.

Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ìyàwó ilé á po bọ́tọ́, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, mọ́ amọ̀ pupa, wọ́n á fi pa ògiri. Àwa ọmọdé á lọ èédú, a ó gún ewé, a ó fún omi rẹ̀ sínú igbá. Nígbà tí ògiri bá ṣì tutù, wọ́n á fi ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín àti òòyà tó ti káyín fín ìlà sí i. Ìlà náà kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹ bá bèèrè ohun tó jẹ́, wọ́n á ní, "Ìlà ni." Ó parí.

Ògiri iwájú ilé ni ti ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ojú Yèyé ti di bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kí ewúrẹ́ káàbọ̀. Bàbá mi bá gbé ògiri náà fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ìgbàrà-Odò. Yèyé dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó kọ oúnjẹ. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ògiri yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún sí ohun tó lè pè ní tirẹ̀ nínú ilé náà mọ́.

Ìyàwó tuntun pa ògiri láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó mú ṣùkù. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí ọyẹ́ ti dé. Kò tíì fín ibi kan dé ibi kan tí ògiri fi gbẹ. Ṣùkù ń họ ọ́ lásán, erùpẹ̀ ń já bọ́. Àwọn ìyàwó àgbà bú sẹ́rìn-ín.

"Uyàwó, ṣé ògiri lo ń fín ni, àbí o ń bá a họ ẹ̀yìn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, bóyá ó ń yún un!"

Omijé ti lé ròrò sí i lójú nígbà tí Yèyé jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri.

"Ó ti gbẹ," ló wí. "Ibi tí ọwọ́ rẹ bá ká ni kí o pa, kí o fín in, kí o tó sún síwájú. Gbé omi wá."

"Yèyé, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ta ló gbà á? Èmi á máa fín in, ìwọ máa bá mi wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ìyàwó ń pa á, Yèyé ń fi ìka fa ìlà, ìyàwó ń sọ pé, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀." Nígbà tó yá, òun náà fi ṣùkù tirẹ̀ sí i, a ò mọ èwo ni ìlà Yèyé, èwo ni tìyàwó mọ́. Yèyé jẹ iyán ọjọ́ náà tán, ó tún bèèrè òmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ní yunifásítì, olùkọ́ kan fi àwòrán tí òyìnbó kan yà hàn wá, ìlà lásán ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín pé kò jọ nǹkan kan. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àárò ilé ló sọ mí.

Sìmẹ́ńtì ti bo ògiri náà tipẹ́. Yèyé ti lọ, bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ti lọ, àwọn tó fi ìyàwó tuntun rẹ́rìn-ín ti lọ tán. Nínú àwa tó ń lọ èédú, èmi àti àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú Àgbàdo ló kù. Ìyàwó ìjọ́sí ṣì wà, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ náà ti di bàìbàì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú un wá kí wa nínú pálọ̀ tí ọmọ mi kùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó fi ìka wá ìlà káàkiri, kò bá ọ̀kankan.

"Ó ti gbẹ," ló wí, ó sì jókòó.