Ọjọ́ Méjì Tí Oyinkọ́lá Fi Pẹ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti ka lẹ́tà yẹn sí Oyinkọ́lá létí, bí ọkọ̀ ńlá bá ti dún lójú títì, àyà rẹ̀ á já. Ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ni o, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ni o, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún létí rẹ̀. Á fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, á sáré jáde lọ wo ojú ọ̀nà, á sì tún padà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ láyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹja ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oṣù kan. Obìnrin tó ti ń yan ẹja láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a ń sọ yìí o, kì í ṣe ọmọdé.

Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Oǹdó. Ìyàwó tuntun ni nígbà tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Bárígà. Ọkọ ń pẹja lórí ọ̀sà, ìyàwó ń yan án. Wọ́n kọ́ yàrá méjì àti ilé ẹja kan sí ẹ̀yìn Abúlé Òkúta. Ọdún kọkànlá rèé tí ọkọ ti kú. Owó ilé ẹja yẹn ni Oyinkọ́lá fi sin ín, òun náà ló fi tọ́ Wonder, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, títí ìyẹn fi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀ ní Fádèyí. Èéfín ti kun ògiri ilé náà dúdú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò. Kò ní òmíràn tó lè sá sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọkùnrin méjì wá láti ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Wọ́n ní ilé rẹ̀ dí ọ̀nà omi, wọ́n máa wó o. Wọ́n ní bí kò bá gbà, kó gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹ̀, gbogbo àlàyé wà nínú lẹ́tà. Oyinkọ́lá tẹ̀ka sí ìwé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣàánú rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ tètè wá ẹni tó máa kà á fún yín o.”

Ẹni tó yẹ kó kà á kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e fún. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má tíì bú u. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n bí i sí, ìwé tó bá wúwo kì í kọ́kọ́ dé iwájú lọ́yà, iwájú Ọlọ́run ló ń kọ́kọ́ dé. Wòlíì wọn gba lẹ́tà náà, ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó tan àbẹ́là méje yí i ká. Ó ní ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún ni, ó sì kìlọ̀ fún un pé, “Ọ̀rọ̀ tó bá wà lórí pẹpẹ, ẹnu kì í kàn án títí ọjọ́ á fi pé.” Nítorí náà, Oyinkọ́lá kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ fún Wonder. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń kọrin, ó ń yan ẹja rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó mà ṣe o! Ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rù gan-an ni kò bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó gba lẹ́tà náà padà, ó gbé e lọ sí Fádèyí. Àbẹ́là ti kán sí i níbi mẹ́ta. Orí ìdúró ni Wonder wà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó máa kà á tán, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà aṣọ.

“Mọ́mì, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fún yín kẹ́ ẹ fi gbé ẹjọ́ wá. Àná ló pé.”

“Ọjọ́ mọ́kànlélógún kẹ̀? Iye tí Bàbá Wòlíì fi gbàdúrà gan-an nìyẹn.” Bí ẹni pé pípé tí iye méjèèjì pé bákan náà á bá a bẹ̀bẹ̀.

Wonder gbé ìwé náà sáré lọ sí Ṣómólú kí wọ́n bá wọn tẹ ìwé ẹjọ́. Ṣómólú tó jẹ́ pé ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ wọn, ọjọ́ náà ni iná kò sí, tí jẹnẹrétọ̀ ẹni tí wọ́n bá sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i gbé dé ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Ó ti fi ọjọ́ méjì pẹ́.

Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ti wọ Oyinkọ́lá lára. Ṣùgbọ́n Ràmọ́nù ló fi kún un. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ràmọ́nù, ó máa ń jó irin ní Pedro, ilé Oyinkọ́lá ló sì ti ń ra ẹja. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò tù ú nínú, kò sì bá a kẹ́dùn.

“Màmá, wọ́n máa dárí jì yín,” ló wí. “Ìdáríjì yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.”

Ó sọ tirẹ̀ fún un: ọ́fíìsì yìí kan náà ti fún òun náà ní irú lẹ́tà yìí rí, lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wà ní ọsibítù nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ pé, ìgbìmọ̀ náà ṣàánú rẹ̀, wọ́n dárí ọjọ́ mẹ́sàn-án jì í. Ó pa àgbò, ó ra páànù tuntun sórí ṣọ́ọ̀bù. Ni ọ́fíìsì yẹn bá gba kóòtù lọ. Adájọ́ ní òfin ló bí ìgbìmọ̀, ohun tí òfin kò bá sì fún un, kò lè fún ẹlòmíràn. Ó ní òfin kò fún wọn láṣẹ láti dárí pípẹ́ ji ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí a kò rán wọn ni wọ́n jẹ́. Ní ọjọ́rú, katapílà dé. “Páànù tuntun yẹn, Màmá, mi ò rí ẹyọ kan mú níbẹ̀.”

Oyinkọ́lá kò sùn dáadáa mọ́ títí ọjọ́ ẹjọ́ fi kò.

Obìnrin àgbà kan tó wọ awò ni alága ìgbìmọ̀ náà. Oyinkọ́lá fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n bi í pé kí ló dá a dúró. Òótọ́ ló sọ, ó sọ ti pẹpẹ, ó sọ ti ààwẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n alága kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan àbẹ́là tó gbẹ mọ́ lẹ́tà náà, ó sì mí kanlẹ̀.

Lọ́yà ọ́fíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, dìde. “Mà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òfin yín sọ. Kò fi ìdáríjì kankan kún un.”

“Ṣé ó ní a ò gbọdọ̀ dárí jini?”

“Kò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Àmọ́ kò sọ pé ẹ lè ṣe é.”

Alága bá àwọn méjì tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n dárí ọjọ́ méjì náà jì í. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ níjọ́ kan náà, wọ́n wo àwòrán ilẹ̀, wọ́n ní ilé ẹja kò dí omi kankan, kí wọ́n má wó o. Wonder pariwo Halelúyà. Lọ́yà tún dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò fara mọ́ ọn.” Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Òun nìkan ni Oyinkọ́lá gbọ́ nínú gbogbo ariwo yẹn.

Wọ́n ń kó ìwé nílẹ̀ nígbà tó rìn lọ bá alága.

“Mà, ẹ má bínú. Mo dúpẹ́, ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi yìí, ṣé ẹ lágbára ẹ̀?”

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó tún un nù.

“Màmá,” ló wí, “ẹ máa lọ sílé.”

Nígbà tí wọ́n délé, Ràmọ́nù ti ń dúró dè wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Oyinkọ́lá bi í: ọjọ́ mélòó ni òfin fún àwọn ọ́fíìsì láti gba kóòtù lọ? Ràmọ́nù ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Oyinkọ́lá to ẹja sórí iná, ó mú ẹfun, ó fa ìlà kan sára ògiri dúdú. Ọgbọ̀n ọjọ́ eléyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kà á, kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó tújú ká díẹ̀.

“Ràmọ́nù, bí wọ́n bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo péré pẹ́, ó tán nìyẹn, àbí?”

Ràmọ́nù wo ilẹ̀. Kò wù ú láti sọ ọ́.

“Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọ́fíìsì fi pẹ́ nínú tèmi, Màmá. Adájọ́ dárí jì wọ́n. Ti kóòtù wà nínú ìwé òfin pé wọ́n lè ṣe é, ti ìgbìmọ̀ ni kò sí níbẹ̀.”

Oyinkọ́lá wo ìlà ẹfun náà títí. Ó mú àkísà, ó nù ún kúrò. Ọkọ̀ ńlá kan dún lójú títì, ó sì fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó sáré jáde.