Ìyá tó ń retí oògùn ní Igbemo

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò ṣe ògbufọ̀ mọ́ láyé mi!

Lónìí, èmi àti dókítà òyìnbó tó ń wádìí bí ìbànújẹ́ ṣe ń da orí èèyàn rú wọ ilé ìyá àgbà kan ní Igbemo.

Dókítà ní kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kì í ṣe dandan kí wọ́n dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Mo sọ ọ́.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àlejò wọlé mi, ó kí mi, kí n wá ní n ò dá a lóhùn? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

Òyìnbó ní, "Ó dára, wọ́n ti gbà."

Ó bá ní kí n bi wọ́n nípa ọmọ wọn tó kú. Ọ̀rọ̀ tí a kì í fi lọ abiyamọ! Igbe tí ìyá ké, gbogbo àdúgbò ló sáré dé.

Nígbà tí ìyá sunkún tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Dókítà ti rí ohun tó ń ṣe mí. Oògùn rẹ̀ dà?"

Dókítà ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí n ní ìbéèrè nìkan la bá wá. Mo dúpẹ́. Ìyókù, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Ìyá bá gbé iṣu sínú ọkọ̀ wa, wọ́n ní kí a tètè gbé oògùn náà dé.

Ẹ dákun, ta ni yóò lọ sọ fún wọn?