Aró Lẹ́yìn Òròmọdìyẹ

Omi aró tutù dé ọrùn ọwọ́ mi, òròmọdìyẹ tí mo dì mú sì ń ké ṣíoṣío. Mo rì í dé ọrùn, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú òmíràn. Orí ìkẹrin ni mo wà nígbà tí ohùn Màmá dún láti àárín ebè ẹ̀fọ́.

"Ṣé aṣọ ni wọ́n ni, tí o fi ń rẹ wọ́n sínú aró?"

Màmá yìí kì í ṣe ìyá tó bí mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Ayọ̀bọ̀, nígbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Èkìtì ni wọ́n ti wá. Lẹ́yìn ilé wọn, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata wà lórí ebè tó tọ́ bí ìlà inú ìwé. Òórùn efinrin àti ti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ló máa ń pàdé èèyàn níbẹ̀ láàárọ̀. Abẹ́ àgò ni àwọn òròmọ máa ń wà títí ẹ̀fọ́ á fi ta gbòǹgbò dáadáa, kí wọ́n má baà wa irúgbìn jáde. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tú wọn sílẹ̀, Màmá a rọra fi ìyẹ́ kun ẹ̀yìn wọn ní aró àlùkò, kí àṣá má baà dá wọn mọ̀.

Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ tètè parí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àṣá nìkan ló ń pa òròmọdìyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù náà ń pa wọ́n. Kò pẹ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́.

Màmá kò nà mí. Wọ́n nu àwọn òròmọ náà gbẹ, wọ́n kó wọn sínú ìborùn, wọ́n sì gbé e mọ́ ikùn nídìí ààrò. Mo béèrè bóyá àwọn òròmọ máa kú.

"N ò mọ̀. Jókòó tì mí, kí o máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Mo jókòó. Ó dá mi lójú pé Màmá kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan adìyẹ wọn mọ́ láé. Nígbà tó yá, ọ̀kan ké, ìkejì dáhùn, ìkẹta yọrí jáde. Ìkẹrin kò ké mọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ́lẹ̀ tí a sin ín sí, nídìí ata.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ó ku òròmọ márùn-ún tí a kò tíì kùn. Wọ́n gbé abọ́ aró síwájú mi, wọ́n na ìyẹ́ sí mi.

"Èwo lo fẹ́ kọ́kọ́ mú?"

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní ìyẹn dáa, ọwọ́ mi á rọ̀ lára wọn. Ó rọ̀ lóòótọ́. Oòrùn ti ga kí n tó parí, gbogbo wọn sì ń ṣa èèrà kiri.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì ń sin adìyẹ tèmi ní Baruwa. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ tó ba iṣẹ́ jẹ́ lánàá fi jẹ́ ẹni tí mo kọ́kọ́ ń pè síwájú lónìí. Bí wọ́n bá ti béèrè, ọwọ́ àgbàlagbà kan ni mo máa ń rí, tó na ìyẹ́ adìyẹ sí mi, tí kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àná.