Àwọn Bọ́tìnnì Apá Òsì

Mi ò lè rí nǹkan tó wà rúdurùdu kí n má tò ó. Bí mo bá wọ ilé ìdáná onílé, ọwọ́ á ti máa yún mi. Màámi máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, màá ká ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ pọ̀, màá tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣọ́ọ̀bù màámi wà ní Ṣógúnlé. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ló ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní mónógíráàmù: á ya ọnà náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì rán an sí ọrùn agbádá tàbí àyà bùbá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ti ń wá bi í léèrè báyìí. Orí mi máa ń wú tí mo bá ń wò ó.

Bọ́tìnnì inú sọ́fúwíà tó ń lò pọ̀ bí eṣú. Òmíràn wà fún àwọ̀ òwú, òmíràn fún gígé, òmíràn fún sísọ ọnà di ńlá. Èèyàn lè wọ́ wọn lọ síbi tó bá wù ú. Màámi ti wọ́ gbogbo wọn lọ sí apá òsì, ó há wọn mọ́ra ní ìlà mẹ́ta, apá ọ̀tún wá ṣófo gbalasa. Ìgbàkigbà tí mo bá rí i, inú á bí mi.

Ní Sátidé kan tó lọ ra òwú l'Óṣòdì, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Mo kó bọ́tìnnì yíyàwòrán sókè, mo fi ti òwú sílẹ̀ lósì, mo kó ti gígé àti ti sísọ di ńlá lọ sí ọ̀tún. Ó mọ́ rekete. Mo tilẹ̀ ra mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ dè é, torí ó dá mi lójú pé á gbàdúrà fún mi.

Òun àti oníbàárà kan láti Òkota ni wọ́n jọ wọlé. Ọkùnrin náà fẹ́ kí ọnà ọrùn agbádá rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i. Màámi jókòó, ó wá bọ́tìnnì náà lókè, ó wá a nísàlẹ̀.

"Mọ́mì, ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín."

"Ibo?"

"Ibẹ̀ yẹn, ẹ wò ó."

Ó yí gbogbo orí, bí adìyẹ tó ń wo àwòdì lókè, kó tó rí i.

"Ìyá, ọmọ yín ti ṣe kọ̀ǹpútà yín báṣubàṣu," oníbàárà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jáde.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, mo na ìka sókè lápá ọ̀tún màámi.

"Mọ́mì, ìka mélòó nìyí?"

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ jàre."

"Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni?"

"Ojú ọ̀tún yẹn ti lọ tipẹ́. Mi ò fẹ́ kí o ní kí n wá jókòó sílé ni."

Mo sunkún. Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àwọn bọ́tìnnì yẹn, rúdurùdu nìkan ni mo ń rí.

Lọ́jọ́ Ajé, a lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní ti ọ̀tún ti fọ́, ti òsì náà sì ti ń ṣú bọ̀ láti apá ọ̀tún, àmọ́ oògùn kíkán lè dá a dúró. Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ bó ṣe ń yára tó. Màámi ní òun ò mọ̀.

Èmi mọ̀ ọ́n. Iléyá èṣí ni màámi wọ́ bọ́tìnnì àkọ́kọ́ lọ sí òsì. Mo rántí torí pé mo bá a jà nítorí ẹ̀.

Màámi ò jókòó sílé. Mo ti dá gbogbo bọ́tìnnì padà sí òsì, ìlà mẹ́ta, ní hámọ́hámọ́ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀, tí mo bá ti kán oògùn sí i lójú tán, mo máa ń yọ́ lọ wò wọ́n, bóyá ọ̀kan ti tún sún. Títí di àárọ̀ òní, ibi tí mo fi wọ́n sí ni wọ́n wà.