Epo Tí A Gbé Sórí Gààrí

Ní ọdún tí a dí títì pa fún ọjọ́ méjì ní Ore, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń wa tírélà lónìí ni kò tíì gba ìwé ìwakọ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àìsàn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni, àwọn èèyàn ti ń sọ ìbòmú nù. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ àjàgbé nígbà náà. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn náà ní gáréèjì, tí ẹ ń pè mí ní akíkanjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ìjà kan ṣáájú rẹ̀, òun ló sì bí èkejì. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ni ọkọ̀ kì í jẹ́ kí awakọ̀ gbé ẹrù tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti di gààrí kún ọkọ̀ ní Odigbo, o ò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ lé e. A ní ìwọ̀sí ni. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lọ sí Èkó, kò yẹ kó máa darí wálé lọ́wọ́ òfo. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀hónú, èmi náà ni mo sọ̀rọ̀. A gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, títí àwọn oníṣòwò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbà. Láti ìgbà náà ni awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí a sọ ní ẹrù orí: lórí ẹrù olówó ọkọ̀, o lè gbé tìrẹ. Alága wa, Alhaji Mùfútáù, pa àgbò lọ́jọ́ náà, a sì jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tọ̀yàyà.

Kí ni awakọ̀ agbègbè wa yóò gbé bí kò ṣe epo pupa? Àwọn obìnrin ìlú Ajue nítòsí wa ló ń fún un, wọn a gbé e wá bá wa ní Odigbo nínú kẹ́ẹ̀gì. Gààrí ti kún ọkọ̀ kí wọ́n tó dé, a ti fi tapólì bò ó nítorí òjò. Orí tapólì yẹn la ń to kẹ́ẹ̀gì sí. A kò jẹ́ fi í sísàlẹ̀, nítorí a gbà pé àpò gààrí á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn obìnrin náà kì í sì í rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, torí epo máa ń wú nínú oòrùn. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ wa, àwa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n pè mí pé ọkọ̀ Tìmílẹ́yìn ti ṣubú ní kọ́nà tó wà láàárín Odigbo àti Ore. Ọ̀rẹ́ mi ni Tìmílẹ́yìn; nígbà ìjà ẹrù orí, òun ló dúró ti apá ọ̀tún mi. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Mo rí títì tó pupa láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kàn án. Epo ni, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ló ń bọ̀ níwájú nígbà tí ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ lé e. Ṣẹ́gun lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ajue. A kó àpò gààrí kúrò lórí rẹ̀ títí a fi rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti kú.

Kòtò kan wà nítòsí kọ́nà náà, ó ti pẹ́ níbẹ̀, a sì ti kọ̀wé sí ìjọba nípa rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ore ti gbà pé kòtò ló pa Ṣẹ́gun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a fa tírélà mẹ́fà sórí títì márosẹ̀, a fi dí i pa. Awakọ̀, ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta búrẹ́dì, gbogbo wọn ló jáde. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Ṣẹ́gun wá láti ilé àdúrà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Kò sunkún. Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú oòrùn, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ọma mi kan ṣoṣo rèé. Ẹ wádìí ohun tó pa á fún mi." Mo fi ọwọ́ lé àyà, mo búra fún un pé màá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìdènà náà, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ gba ohùn Tìmílẹ́yìn sórí fóònù, kí n lọ gbé e sí ẹnu gbohùngbohùn fún àwọn èèyàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì láti orúnkún. Mo kí i, mo gbé fóònù sí i lẹ́nu, mo ní kó sọ fún ayé bí kòtò ìjọba ṣe gbé ọkọ̀ rẹ̀ ṣubú.

Ó fi ọwọ́ ti fóònù náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní: "Akọ̀wé, mi ò kan kòtò kankan. Títì dán níbi tí mo wà."

Mo ní ṣé oògùn ni kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń sọ.

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo yí ṣitiárìn sọ́tùn-ún, orí ọkọ̀ yí, ṣùgbọ́n ẹrù òkè ò bá mi yí. Epo yẹn ru lọ sí apá òsì. Mo gbọ́ ọ nígbà tí kẹ́ẹ̀gì ń yọ̀ lórí tapólì. Mo tún un ṣe, ó ru lọ sọ́tùn-ún, ó tún ru padà sósì. Kí n tó mọ̀, táyà ọ̀tún ti kúrò nílẹ̀." Ó tún ní: "Ẹrù orí ni. Èyí tí a gbà lọ́wọ́ wọn."

Fóònù náà ṣì ń gba ohùn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe Ṣẹ́gun, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Mo rántí àgbò tí a pa. Mo rántí bí mo ṣe dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí mo ń sọ pé a ti borí. Mo dá gbígba ohùn náà dúró, mo pa èyí tó ti gbà rẹ́.

Mo fa Alhaji Mùfútáù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún un. Àgbàlagbà ni, kì í yára bínú. Ó kọ́kọ́ ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ yípo ní ọwọ́, ó wá ní: "Ẹ jẹ́ ká lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ." Mo mọ ohun tó ń sọ. Èrò wà lójú títì, ìjọba ti ń rọ̀, kì í ṣe àsìkò tí à ń tú aṣọ ara wa. Mo padà sórí ọkọ̀, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ kòtò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn aṣojú ìjọba dé, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò dí kòtò náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ariwo sọ. Wọ́n gbé mi sí èjìká. Nígbà tí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, Ìyá Ṣẹ́gun kúnlẹ̀ fún mi. Obìnrin tó lè bí mi. Mo di apá rẹ̀ mú pé kó dìde, ó kọ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé, mo dìde, mo ní epo gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí gààrí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ò ní gbàgbé ariwo náà. Wọ́n ní àwọn olówó ọkọ̀ ti ra mí. Kàrímù, tó lágbára jù nínú àwọn tó ń di ẹrù, bi mí pé kẹ́ẹ̀gì mélòó kan ṣe lè bi odindi tírélà ṣubú. Mi ò jiyàn. Mo ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí kò kún rù sórí, kó máa rìn kánkán, kó sì yà lójijì bí mo bá pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e. Mo pàtẹ́wọ́. Ó yà, omi kò yà pẹ̀lú rẹ̀, ó ta gẹ̀ẹ̀gẹ̀ lọ kọ lu ògiri. Mo ní kó fi ọwọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì kan náà sísàlẹ̀, kó tún yà. Ó yà wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà náà ni Tìmílẹ́yìn fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ó sì sọ ohun tó sọ fún mi ní ilé ìwòsàn.

Kí a tó dìbò, Alhaji sọ̀rọ̀. Ó ní bí epo yóò bá sọ̀ kalẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìta kò gbọdọ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni Tìmílẹ́yìn ń lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Bí àwọn olówó ọkọ̀ bá gbọ́, ẹ̀tọ́ wa ti lọ. Ó wá kọjú sí mi: "Akọ̀wé, ṣé o gbà?"

Mo rí ojú wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní rárá, epo á wà lókè níbẹ̀ títí láé. Mo ní mo gbà.

Bí a ṣe ń dìbò nígbà náà ni pé ẹni tó bá fara mọ́ ọ á lọ dúró lápá ògiri mọ́ṣáláṣí, ẹni tí kò bá fẹ́ á dúró lápá géètì. Ẹni mẹ́ta péré la fi borí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi pákó kan àpótí sísàlẹ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, tí kẹ́ẹ̀gì ń wọ inú rẹ̀ kí gààrí tó gun ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó ń gba ibẹ̀ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ máa ń ráhùn nípa rẹ̀, mo ń gbọ́. Báyìí lẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Alhaji ti dolóògbé, Tìmílẹ́yìn ló ní kí n kọ ọ́. Bí mo bá ṣírò ohun tí a rí gbà, mo lè sọ pé wọ́n dí kòtò náà lóòótọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkọ̀ gáréèjì wa tó tún ṣubú ní kọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Ore fún wákàtí kan, ẹ ó rí tírélà láti ibòmíràn tí kẹ́ẹ̀gì epo ń mì lórí rẹ̀, mi ò sì lè pariwo sí wọn, nítorí mo ti gbà láti dákẹ́. Òun ni ohun tí a pàdánù.

Ìyá Ṣẹ́gun ṣì wà ní Ajue. Lọ́dọọdún ló ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ kí i, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ń sọ fún àwọn ará ilé pé èmi nìkan ló bá òun wádìí ikú ọmọ òun. Ó bi mí bóyá títì náà ti dára. Mo ní ó ti dára, mà. Ó ní nígbà náà, kò ní pa ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Mo jẹ oúnjẹ náà tán.

Kò mọ̀wé kà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kà, bí ẹ bá ya Ajue, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún un. Ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Mi ò tíì lọ.