Fíúsì Yàrá Kẹta

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá ọ̀sán lù, kọ̀ǹpútà mi kú mọ́ mi lójú. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni, àmọ́ fáànù yàrá kejì ṣì ń pariwo, rédíò yàrá kẹrin sì ń sọ̀rọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Àlàájì Múfútáù, alága iná nílé wa ní Ojú Ọ̀rẹ́, dúró sídìí pátákó iná lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó ń ti fíúsì yàrá mi bọ àpò.

"Àlàájì, kò tíì tó àkókò."

"Wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ ọ̀rẹ́ mi kí a tó kírun Jímọ̀, Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Tí mo bá lọ tán, ta ni yóò bá mi yọ ọ́?"

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí fíúsì yẹn gbà lọ́wọ́ mi, àfi kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe débẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sára ọ̀rá búrẹ́dì àti ọ̀rá omi. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀, torí pé ẹ̀rọ kì í tẹ gbogbo àwọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí pupa bá fi bíńtín yẹ̀ kúrò lórí dúdú, ọ̀rá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìkìrun, ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí a bá ń lọ jẹun, wọ́n á máa rìn kiri yàrá, wọ́n á máa pa ojú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún wọn pé tèmi ti sùn, pé ẹja ti ń wẹ̀ kiri lójú rẹ̀.

"Ẹja yẹn, omi ló ń mu ni àbí iná?" ni wọ́n bi mí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ pé àwòrán tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà kì í dín iná kù, pé dídín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù ló ń dín in, àti pé ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pa á lára ògiri, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kàn jókòó lásán ṣì ń jẹ iná.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo fi owó tí wọ́n fún mi ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, mo gbé e sí yàrá mi, oníbúrẹ́dì mẹ́rin sì tẹ̀lé mi wálé. Àgbà wọn ni Bàbá Alápòtí, tí iṣẹ́ wọn nìkan ń san owó ilé mi.

Yàrá mẹ́jọ, mítà oníkáàdì kan ṣoṣo. Bílé wa ṣe rí nìyẹn. Dọ́gbadọ́gba la ń dá owó iná, àfi ẹni tó bá ń fi iná ṣòwò nínú ilé. Ìyẹn á dá ìlọ́po méjì. Sámù télọ̀ ń dá a, èmi náà ń dá a, n ò jiyàn. Síbẹ̀, bí yúníìtì bá ti tán, ilẹ̀kùn mi ni gbogbo ojú máa ń yí sí.

"Látàárọ̀ ló ń tàn án sílẹ̀," Ìyá Sùkúrá, ìyàwó Àlàájì, á wí. "Nǹkan ràgàjì báyẹn."

Ibí ni mo ti ṣàṣìṣe. Mo rò pé bí mo bá ti fi nọ́ńbà hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ á tán. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ojú iná, tó ń sọ iye wáàtì tí nǹkan ń jẹ. Kọ̀ǹpútà mi jẹ àádọ́rin. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ó di méjìdínlọ́gọ́ta. Áyọ́ọ̀nù Sámù jẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ìyá Sùkúrá fúnra rẹ̀ ló gbà kí n wọn sítóòfù oníná rẹ̀, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Orí sítóòfù yẹn ló ti ń se mọ́ínmọ́ín tó ń tà ní ìkóríta, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni wọ́n kà á sí, wọn ò kà á sí òwò.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. N ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n sítóòfù oníná kan ṣoṣo ló wà nílé.

Wọ́n pèpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

"Ṣé oúnjẹ àwọn ọmọ mi lo wá fi ń wé eré orí kọ̀ǹpútà?" ni Ìyá Sùkúrá bi mí.

"Iná ni mo wọ̀n, mà. N ò wọn oúnjẹ."

"O ò tíì bímọ. Kí ni ìwọ ń sè?"

Sámù, tí mo rò pé yóò gbè mí, ń wo bàtà rẹ̀. Àlàájì ní kí àlàáfíà lè wà, kọ̀ǹpútà á máa kú láti aago méjìlá ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò sì máa yọ fíúsì. Sítóòfù ò bá wọn dé inú òfin yẹn. Mo gbà. Aago méjìlá ni mo gbà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀rá tuntun Bàbá Alápòtí ló wà lójú kọ̀ǹpútà ní Jímọ̀ yẹn, iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ márùn-ún. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló yẹ kó dé ilé ìtẹ̀wé. Gbogbo Jímọ̀, bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjìlá lù, ni mo máa ń da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sórí fláàṣì kí n tó pa á. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ṣẹ́kù kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á nígbà tí Àlàájì yọ fíúsì. Nígbà tí Àlàájì dé tó dá fíúsì padà, kọ̀ǹpútà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, kò ṣí. Ọkùnrin tó ń tún un ṣe ní Sángo tú u wò.

"Àǹtí, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti lọ. Ẹ ò ní i níbòmíràn?"

Mo pe Bàbá Alápòtí. "Ọmọ mi, ó dùn mí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ò lè jáde níhòòhò." Wọ́n gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíràn. Kí oṣù tó parí, àwọn mẹ́ta yòókù ti bá wọn lọ.

Mo tọ Àlàájì lọ.

"Kádàrá ni," ó ní.

"Kádàrá kọ́, Àlàájì. Ogún ìṣẹ́jú ni."

Mo ta ohun tó kù lára kọ̀ǹpútà, mo fi san owó ilé. Mo ti padà sí Agbára báyìí, àmọ́ kì í ṣe sídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rá ni mò ń kà, mò ń dì í ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà míì, àwòrán tí mo yà fúnra mi ni mò ń kà.

Yúníìtì tó máa ń lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí kọ̀ǹpútà mi wà, ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ló ń lò. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Àlàájì kanlẹ̀kùn mi.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yín tó ń wọn iná yẹn dà? Ó jọ pé máṣíìnì Sámù ló ń jẹ wá níná."

"Mo ti tà á pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, Àlàájì."

Ó mi orí. Ó ní ó yẹ kí n ti fi í sílẹ̀ fún ilé. Bó ṣe ń sọ ọ́, mọ́ínmọ́ín ń hó lórí sítóòfù ní yàrá rẹ̀.