Apòògùn Tó Ń Ti Fèrèsé

Ọjọ́ tí ọwọ́ mi gbọ̀n títí àdá fi bọ́ níbi tí a ti ń fọ́ kókó ni mo mọ̀ pé ògógóró ń pa mí lọ. Àwọn ará ilé mi mú mi lọ bá bàbá apòògùn kan n'Íléṣà. Nígbàkígbà tí mo bá dé, kí ó tó bi mí ní ohunkóhun, á kọ́kọ́ ti fèrèsé.

“Ṣé o mu ún lánàá?”

“Rárá, sà.”

“Òógùn ara rẹ ò mọ irọ́ pa bí ìwọ.”

Mo fura pé ọlọ́pàá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń ju ẹni tó bá mu ògógóró sí nígbà náà.

Nígbà tó yá, òfin tuntun dé láti Ìbàdàn pé kí ọlọ́pàá má mú ẹni tó bá wá gba ìtọ́jú nítorí ògógóró mọ́. Bàbá ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà tẹ́lẹ̀ pé ọlọ́pàá á gbọ́ wa. Ṣé o mu ún?”

Mo yọjú wo ìta dáadáa ná.

“Mo mu ún, sà.”